Ta Ló Ní Ìdí Láti Kọ Orúkọ Bàbá Ńlá Yín Sílẹ̀?

Ọ̀kun o, àbúrò wa tó kọ̀wé láti Jọ́ọ̀sì. Mo ka ọ̀rọ̀ yín dáadáa. Ẹ ní bàbá bàbá yín kúrò ní Ìjùmú láyé òyìnbó, ó lọ ṣiṣẹ́ kùsà, kò sì padà wálé títí ó fi kú. Ẹ ní orúkọ méjì péré lẹ ní lọ́wọ́, ọ̀kan ti ṣọ́ọ̀ṣì, ọ̀kan ti ilé, ẹ sì ti tẹ méjèèjì sínú Google àti FamilySearch, ìkànnì tí wọ́n ti ń wá ìran ẹni, títí ó fi sú yín. Ní báyìí ẹ fẹ́ wọkọ̀ lọ sí ilé àkójọ ìwé ìjọba ní Ìbàdàn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi owó ọkọ̀ Ìbàdàn yẹn pamọ́ ná.

Èmi náà wá bàbá tó bí bàbá àgbà mi, ọmọ Ìjùmú bíi tiyín, fún ọ̀pọ̀ ọdún kí n tó rí i. Ìbéèrè kan ló là mí lọ́nà: ta ló ní ìdí láti kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀? Láyé ìgbà yẹn, kò sẹ́ni tó ń dédé kọ orúkọ àgbẹ̀ sínú ìwé. Ẹni tó bá kọ ọ́ ní ohun tó ń wá lọ́wọ́ rẹ̀: owó-orí, ìrìbọmi, ilẹ̀, oyè, tàbí agbára apá rẹ̀. Bí ẹ bá mọ ohun tí onítọ̀hún ń wá, ẹ ó mọ ibi tó kó ìwé rẹ̀ sí, ẹ ó sì mọ ibi tí irọ́ máa wà nínú rẹ̀.

Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí ẹ fi Ìbàdàn sílẹ̀. Ìwé ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn ló pọ̀ níbẹ̀. Àwa Ọ̀kun, ìyẹn àwa ará Ìjùmú, Kábà, Yàgbà àti àwọn yòókù, ń sọ Yorùbá, ṣùgbọ́n apá Àríwá ni òyìnbó kà wá mọ́. Lọ́kọ́ja níbí ni Lugard ti ta àsíá ìjọba Àríwá ní ọjọ́ kìíní ọdún 1900. Abẹ́ Kabba Province la wà, àwọn fáìlì rẹ̀ sì wà nílé àkójọ ìwé ìjọba ní Kàdúná, tí wọ́n fi LOKOPROF sàmì sí. Ní 1967 wọ́n da Kábà pọ̀ mọ́ Ìlọrin, ó di ìpínlẹ̀ Kwara, ìwé sì bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sí Ìlọrin. Ní oṣù August 1991 ni wọ́n dá Kogi sílẹ̀, ọ̀rọ̀ wa tún padà sí Lọ́kọ́ja. Ìdílé kan tí kò kúrò lójú kan rí lè ní ìwé ní ìlú mẹ́ta. A ṣì ń bá ara wa jiyàn bóyá ará Àríwá ni wá tàbí ará Ìwọ̀-Oòrùn. Fáìlì ò dá sí i, Kàdúná ló jókòó sí ní tirẹ̀.

Bí ẹ bá dé Kàdúná, ẹ má retí pé ẹ ó bá orúkọ gbogbo ọkùnrin ìlú. Òyìnbó tó bá rìn káàkiri ìletò nítorí owó-orí, orúkọ olórí ìlú àti iye ọkùnrin tó lè san ló máa ń kà sí. Àgbẹ̀ tó sanwó tó sì dákẹ́ kò sí níbẹ̀. Ẹni tó bá du oyè, tó bá kọ ìwé ẹ̀sùn, tó bá fa wàhálà, orúkọ tirẹ̀ á kún fáìlì. Bàbá ńlá mi ò ṣe ìkankan nínú wọn, Ọlọ́run kẹ́ ẹ. Inú ẹjọ́ ilẹ̀ ni mo ti bá a, ẹjọ́ tí kì í tilẹ̀ ṣe tirẹ̀. Ìletò méjì ló ń jà lórí ilẹ̀ etídò, wọ́n ní kó wá jẹ́rìí. Ẹ̀dà tí wọ́n fi kábọ̀nù tẹ̀ ni, pépà rẹ̀ fẹ́lẹ́ débi pé lẹ́tà ojú kejì ń hàn láàárín ti àkọ́kọ́. Akọ̀wé ti gé iwájú orúkọ rẹ̀ jù nù, ó sì sọ "gb" inú rẹ̀ di "b" lásán. Bí kì í bá ṣe orúkọ oko wa tó wà nínú gbólóhùn tó tẹ̀ lé e ni, ǹ bá ti ṣí i kọjá. Ó ní bàbá òun ló fún òun nílẹ̀, bàbá tiẹ̀ náà ló fún un, ẹni tó bí ìyẹn ló kọ́kọ́ ṣán igbó ibẹ̀, ó sì dárúkọ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan.

Inú mi dùn dé góńgó, ṣùgbọ́n ẹlẹ́rìí ni ẹlẹ́rìí ń jẹ́. Ẹni tó ń gbè lẹ́yìn onílẹ̀ kì í fẹ́ dárúkọ baba ńlá tó wá bí àlejò. Mo bá ka ọ̀rọ̀ ẹlẹ́rìí apá kejì. Àwọn yẹn dárúkọ ẹnì kan tí tiwa fò, wọ́n ní àna ni, pé ìyàwó tó fẹ́ ló jẹ́ kó rílẹ̀ dáko. Àwọn àgbà ilé wa ò fẹ́ gbọ́ ọ títí dòní. Èmi gbà á gbọ́, torí ilé ìyàwó yẹn ṣì máa ń ya ẹran sọ́tọ̀ fún wa níbi òkú wọn, kò sì sẹ́ni tó lè sọ ìdí tí wọ́n fi ń ṣe é.

Ti ṣọ́ọ̀ṣì wá ńkọ́? Ẹ kọ́kọ́ wádìí ìjọ tó tètè dé ìlú náà. Lápá Yàgbà, àwọn míṣọ́nnárì SIM (Sudan Interior Mission) dé Ẹ̀gbẹ́ ní 1908, ìjọ wọn ló wá di ECWA. Lápá Kábà àti Ìjùmú, ẹ béèrè lọ́wọ́ Áńgílíkà àti Kátólíìkì náà. Níbi tí mo lọ, katikíìsì àgbà kan ló gbé ìwé ìrìbọmi jáde nínú àpótí irin. Ó tẹ́ ẹ sórí bẹ́ǹṣì, ó ń fọwọ́ ara rẹ̀ ṣí i, kò jẹ́ kí n fọwọ́ kàn án. Ikán ti jẹ etí rẹ̀. Wọ́n fa ìlà sí i: ọjọ́, orúkọ tuntun, bàbá, ìyá, ìlú, àlùfáà tó ṣe é. Mo wo ìlà orúkọ títí ojú fi ń ro mí, bàbá ńlá mi ò sí níbẹ̀.

Katikíìsì bi mí pé, "Ìyàwó mélòó ló fẹ́?"

Mo ní, "Mẹ́ta, bàbá."

Ó rẹ́rìn-ín, ó wọ́ ìka rẹ̀ kúrò lábẹ́ orúkọ, ó gbé e lọ sábẹ́ "bàbá". Ibẹ̀ lorúkọ rẹ̀ wà, ọmọ tẹ̀ lé ọmọ, ìyá wọn ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Àwọn míṣọ́nnárì kì í ri olóbìnrin púpọ̀ bọmi, àfi tó bá lé àwọn yòókù lọ. Ṣùgbọ́n wọ́n ń ri àwọn ìyàwó àti ọmọ rẹ̀ bọmi. Bí mo ṣe mọ orúkọ ìyàwó rẹ̀ kejì nìyẹn, ẹni tí wọn ò dárúkọ rẹ̀ rí nílé wa. Nítorí náà, ẹ má wá ọkùnrin yín ní ipò ọmọ nìkan. Ẹ wá a ní ipò bàbá, ẹ wá a láàárín àwọn tó dúró fún ọmọ ọlọ́mọ.

Ẹ má sì jẹ́ kí sọ́néèmù tàn yín jẹ. Tíṣà ló béèrè pé "kí lorúkọ bàbá rẹ?", ó kọ ọ́ sílẹ̀, ó di sọ́néèmù. Ọmọ ìyá kan náà lè pín sí mẹ́ta: ọ̀kan ń jẹ́ orúkọ bàbá, ọ̀kan ń jẹ́ ti bàbá àgbà, ọ̀kan ń jẹ́ orúkọ oyè ilé wọn. Ọjọ́ orí inú ìwé náà, àfojúdá ni. Ẹni tó ń wáṣẹ́ ìjọba á dín in kù, ẹni tí kò fẹ́ kí wọ́n bu owó-orí lé ọmọ òun á ní ọmọdé ṣì ni. Ohun tójú rí ni kí ẹ fi wọn ọjọ́ orí. Ṣé ó ti ń rìn nígbà àjàkálẹ̀ àrùn 1918? Ṣé ó ti láya nílé nígbà tí òṣùpá bo oòrùn lọ́sàn-án gangan ní 1947?

Bí ẹ bá dé ọ̀dọ̀ àwọn àgbà, ẹ má béèrè ibi tí a ti ṣẹ̀ wá. Ilé-Ifẹ̀ ni gbogbo wọn máa sọ. Ó lè jẹ́ òótọ́, ṣùgbọ́n kò ní ràn yín lọ́wọ́ láti mọ bàbá ẹnikẹ́ni. Iye (ìyá) àgbà kan wà nílé wa, mo bi í ní orúkọ àwọn baba ńlá wa, ó ní obìnrin lòun, òun ò mọ nǹkan kan. Mo wá bi í pé: níbi òkú àgbà, ilé wo ló ń gba itan ẹran, ilé wo ló ń gba àyà, ta ni wọ́n ń gbé orí fún? Ó tún aṣọ ró, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ka àwọn ilé náà lórí ìka, ẹ̀gbọ́n ṣáájú, àbúrò tẹ̀ lé e, ó ń sọ ẹni tó bí ta ni àti ẹni tí wọ́n ń fún ní tirẹ̀ nítorí ìyá. Nígbà tí ìka tirẹ̀ tán, ó fa ọwọ́ mi, ó ń kà á lórí tèmi. Ẹni tó ń pín ẹran kò gbọ́dọ̀ ṣì í, ìjà ni. Ìdí tó fi mọ̀ ọ́n nìyẹn.

Ẹ gba ìwé ètò ìsìnkú jọ, pàápàá ti àwọn ọmọbìnrin ilé tí wọ́n relé ọkọ nílùú mìíràn. Ìwé ìtàn ìlú tí wọ́n ń tà níbi ọdún, ẹ kà á, ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ mọ ẹjọ́ oyè tó wà nílẹ̀ nígbà tí wọ́n tẹ̀ ẹ́. Ti DNA tí ẹ mẹ́nu bà, ó lè fi ìbátan tó wà láàyè hàn yín. Kò ní dárúkọ òkú.

Bí ìtàn yín bá kọjá 1897, ogun Tápà lẹ máa bá pàdé. Ọdún yẹn ni Royal Niger Company, ilé-iṣẹ́ òwò òyìnbó, ṣẹ́gun Bídà, ìlú ọba Tápà. Ṣáájú ìgbà náà, wọ́n ti kó wa lẹ́rú gan-an. Ẹni tó bá dé Bídà á gba orúkọ mìíràn. Ẹni tí wọ́n tà dé etíkun, tí ọkọ̀ ogun òyìnbó gbà sílẹ̀ sí Freetown, á di "Aku" bíi gbogbo Yorùbá ibẹ̀. Koelle, míṣọ́nnárì tó kọ èdè wọn sílẹ̀ níbẹ̀, tí ìwé rẹ̀ jáde ní 1854, "Dsumu" ló kọ Ìjùmú, ó sì ya Yàgbà àti Ọ̀wọ̀rọ̀ sọ́tọ̀. Nítorí náà "Ijumu" nìkan kọ́ ni kí ẹ máa tẹ̀. Ní tèmi, àbúrò bàbá ńlá kan wà tí wọ́n ní ó sọnù lọ́nà oko nígbà ogun yẹn. Mo ti fi í sílẹ̀ síbẹ̀.

Ní tiyín, Jọ́ọ̀sì gan-an ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Àwọn ará wa tó lọ sídìí kùsà kì í wà láìní ẹgbẹ́ ọmọ ìlú. Ẹgbẹ́ ló máa ń ránṣẹ́ sílé bí ẹnì kan bá kú sẹ́nu iṣẹ́, nítorí náà wọ́n ní láti mọ ìlú rẹ̀, ilé rẹ̀, àti ẹni tí wọ́n máa kàn sí. Ẹ wá akọ̀wé ẹgbẹ́ Ìjùmú tó wà níbẹ̀ báyìí, ẹ bi í lọ́wọ́ ta ni ìwé owó ẹgbẹ́ àtijọ́ wà. Ó sábà máa ń wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì opó akápò kan. Ẹ mú nǹkan dání lọ kí i, kí ẹ sì jẹ́ kó kọ́kọ́ sọ ti ọkọ rẹ̀ kí ẹ tó béèrè tiyín. Bí ẹ bá ti rí orúkọ ilé náà, ẹ fi ránṣẹ́ sí mi, orúkọ ilé nìkan, kí ẹ má kọ ti àwọn tó wà láàyè síta. Màá sọ ìjọ tí ẹ máa kọ́kọ́ kàn sí.