Bí ìlù bá dún àdúnjù: ẹ jẹ́ ká bi onílù kó tó di pé a túmọ̀ òwe rẹ̀

Àbúrò kan tó ń ta gìtá ní ṣọ́ọ̀ṣì kan ní Ìjẹ̀bú-Òde ló béèrè ìtumọ̀ òwe "Bí ìlù bá dún àdúnjù, yóò ya." Ó ní olórí akọrin wọn ló fi òwe náà bá òun wí, pé òun kò gbọdọ̀ so pẹ́dàlì kankan (àpótí kékeré tí onígìtá ń fẹsẹ̀ tẹ̀ láti yí ohùn gìtá padà) mọ́ ańpílífáyà, ẹ̀rọ tó ń gbé ohùn gìtá sókè, mọ́, pé ariwo rẹ̀ yóò fa sípíkà ya. Ó ní ohun tí wọ́n sì kọ́ òun níléèwé ni pé ẹni tó bá ń jayé àjẹjù, ìyà ló kàn.

Ọ̀rọ̀ yìí bí mi nínú. Ti iléèwé yẹn kò burú, àgbà máa ń lò ó bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò rí ìlù tó ya rí, kí ló fẹ́ fi tú òwe ọ̀hún? Bàbá mi kékeré, gángan ló ń lù títí ó fi dàgbà. Èmi náà, títún ańpílífáyà ṣe ni mo fi ń jẹun. Ohun tí mo mọ̀ ni pé ọ̀rọ̀ oníṣẹ́ ọwọ́ ni òwe yẹn kó tó di ọ̀rọ̀ ìwà.

Lọ́dún kan, a tẹ̀lé régbérégbé kan, ẹgbẹ́ ọjọ́ orí kan náà, lọ sí àjọ̀dún Ojúde Ọba ní Ìjẹ̀bú-Òde, lọ́jọ́ kẹta Iléyá. Oòrùn mú, oòrùn sì máa ń fa awọ ìlù le. Bàbá mi kékeré ti fa ọṣán gángan rẹ̀, ìyẹn okùn awọ tó so ojú ìlù méjèèjì pọ̀, kó tó kúrò nílé. Nígbà tí àwọn onílù yòókù pọ̀ níbẹ̀, ó tún ń fún ọṣán náà mọ́ abíyá kí ohùn tirẹ̀ lè yọ. Ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún rẹ̀ ni mo dúró sí. Ohùn ìlù kọ́kọ́ tẹ́ẹ́rẹ́, ó wá ń dún bí ìgbà tí èèyàn fi èékánná ta agolo. Oríkì tó ń fi pe èèyàn kò já gaara mọ́. Lẹ́yìn náà ni mo gbọ́ "fàà!" Awọ ti là láti etí dé àárín.

Kò lu ìlù náà ju bó ṣe ń lù ú lánàá lọ o. Ọṣán fà á, oòrùn fà á, apá tún fà á. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pàdé lórí awọ ewúrẹ́ kan ṣoṣo. Àdúnjù tí òwe ń wí nìyẹn: kí a máa fa ohun tí a ti fà tẹ́lẹ̀. Ìlù náà sì ti ké gbàjarè kó tó ya. A ò gbọ́ ni.

Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni pẹ́dàlì rí. Ohùn tó ń ti ara gìtá jáde kéré, lọ́pọ̀ ìgbà kì í tó fóòtì (volt) 1 iná mànàmáná. Ọ̀pọ̀ pẹ́dàlì ló ní ibi tí wọ́n kọ Level sí, tí a ń yí láti gbé ohùn sókè tàbí sílẹ̀. Bí o bá yí gbogbo wọn dópin, àkọ́kọ́ á ti èkejì, èkejì á ti ẹ̀kẹta, gbogbo rẹ̀ á já lu ẹnu ańpílífáyà. Olórí akọrin wá gbọ́ ohùn tó ń ya, ó di ẹ̀bi rù pẹ́dàlì. Overdrive, irú pẹ́dàlì tó ń bẹ̀rù yẹn, iṣẹ́ rẹ̀ gan-an ni kó máa ya ohùn nínú àpótí kékeré tirẹ̀; ohùn ló ń ya, kì í ṣe sípíkà.

Ìwọ àbúrò, o tún béèrè "Bí òwe bí òwe là ń lu àgídìgbo," àpótí onírin pẹlẹbẹ tí a ń fi ìka ta. Ìyẹn kò le: ẹni tó gbọ́n ló ń jó o. Haruna Ishola, ọmọ Ìjẹ̀bú-Igbó, fi àgídìgbo àti gángan sínú àpàlà, o ṣì ń gbọ́ ìkọ̀ọ̀kan wọn lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Lóde òní, gbogbo alága ìjókòó ló mọ òwe ìlù sórí. Bi wọ́n pé kí ni ọṣán, wọ́n á wò ọ́ lójú. Ó ń dùn mí.

Tìrẹ wá kù. Pa ańpílífáyà kó o tó so ohunkóhun. Nínú ọ̀pọ̀ pẹ́dàlì, ihò ọ̀tún ni gìtá ń wọ̀, ti òsì ló ń gbà jáde. Fi overdrive ṣáájú, kí delay (tó ń tún ohùn sọ) àti reverb (tó ń mú ohùn dún gbohùngbohùn) tẹ̀lé e. Bí reverb bá ṣáájú, overdrive á ya gbohùngbohùn náà mọ́ ọn, gbogbo rẹ̀ á dàrú. Bí ẹ̀yìn ańpílífáyà bá ní Send àti Return, ihò tí ohùn ń gbà jáde àti ihò tó ń gbà padà wọlé, àárín wọn ni kí o so delay àti reverb sí. Ihò tó ń lọ sí sípíkà ńkọ́? Má so pẹ́dàlì mọ́ ọn láéláé, yóò jó.

Tan án wàyí, ohùn nílẹ̀. Ta okùn kan pẹ̀lú gbogbo pẹ́dàlì ní pípa. Tẹ ọ̀kan, ta okùn kan náà. Bí ohùn bá fò sókè, dá Level padà títí títàn àti pípa á fi dọ́gba létí rẹ. Ṣe èkejì bẹ́ẹ̀, ṣe ẹ̀kẹta. Lẹ́yìn náà kí o pe olórí akọrin yín, kó wá fi etí ara rẹ̀ gbọ́.