Ọ́díṣọ̀n ẹgbẹ́ eléré àdúgbò: bí ẹni tí kò gun orí ìtàgé rí ṣe lè múra

Ẹ kọ ọ́ pé ẹgbẹ́ eléré àdúgbò yín ti kéde eré mẹ́rin fún sáà tó ń bọ̀, pé ẹ ò gun orí ìtàgé rí, ẹ sì fẹ́ mọ èyí tó yẹ kí ẹ gbìyànjú nínú wọn àti bí ẹ ṣe máa múra fún ọ́díṣọ̀n, ìyẹn ìdánwò tí wọ́n fi ń yan òṣèré. Ohun tí mo ti rí léraléra ni pé iwájú olùdarí kọ́ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń pàdánù ipa. Inú ìkéde tí wọn ò kà dáadáa ni, àti inú fọ́ọ̀mù tí wọ́n kọ ìkọkúkọ sí.

Torí náà, ẹ ka ìkéde yẹn tán kí ẹ tó ronú nípa ohunkóhun mìíràn. Ẹ wo iye òṣèré tí eré kọ̀ọ̀kan ń fẹ́. Nínú eré tó ní òṣèré mẹ́ta tàbí mẹ́rin, ipa kọ̀ọ̀kan wúwo, olùdarí kì í sì fẹ́ gbé e lé ẹni tí kò tíì rí iṣẹ́ rẹ̀ lọ́wọ́. Eré tó ní ogún ènìyàn, tó ní èrò àti ìránṣẹ́ àti ẹlẹ́gbè, ibẹ̀ ni mo máa ní kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Bí ẹ bá lè kọrin láìyẹ̀ lórí ohùn, ẹ lọ fún eré olórin, torí ó máa ń nílò ẹlẹ́gbè púpọ̀. Ẹ má jẹ́ kí ọjọ́-orí tí wọ́n kọ sí ẹ̀gbẹ́ orúkọ ẹ̀dá-ìtàn dẹ́rù bà yín. Ọjọ́-orí ẹ̀dá-ìtàn nìyẹn, kì í ṣe tiyín. Bí ẹni ọdún 32 bá lè jọ ẹni ọdún 40 lójú èrò tó jókòó ní ìlà kẹwàá, ó tó. Ẹ tún wò ó bóyá wọ́n ti kọ ọ́ pé àwọn ipa kan ti ní ẹni tó máa ṣe é, kí ẹ má baà múra fún ipa tí kò ṣí sílẹ̀.

Ẹ wá ìwé eré náà kà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Bí ẹ ò bá rí i rà, ẹ béèrè lọ́wọ́ ẹgbẹ́ náà, wọ́n sábà máa ń ní ẹ̀dà kan tí wọ́n lè yá yín fún ọjọ́ díẹ̀. Àárín ìtàn ni wọ́n ti máa ń gé ojú ìwé tí wọ́n ń pín lọ́jọ́ ọ́díṣọ̀n. Ẹni tí kò mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ ṣáájú lè fi ẹkún ka ibi tí ẹ̀dá-ìtàn ti ń parọ́. Ẹ tún fi ojú sí ohun tí ẹ ò ní lè ṣe: ìfẹnukonu, èébú, aṣọ péńpé. Ìwé àdéhùn tí ẹgbẹ́ máa ń bá oní-ẹ̀tọ́ eré fọwọ́ sí kì í sábà gbà kí wọ́n yí ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ padà láìgba àṣẹ. Nítorí náà, ẹ má gba ipa tán kí ẹ tó sọ pé kí wọ́n yọ ọ̀rọ̀ kan kúrò.

Ó kan kàlẹ́ńdà. Ẹgbẹ́ tí àwọn òṣèré rẹ̀ níṣẹ́ ojúmọ́ sábà máa ń lo ọ̀sẹ̀ 6 sí 8 fún ìdánrawò, alẹ́ 3 tàbí 4 lọ́sẹ̀, wákàtí 2 sí 3 lálẹ́ kan. Ọ̀sẹ̀ 7, ní alẹ́ 3 lọ́sẹ̀ àti wákàtí méjì ààbọ̀ lálẹ́ kan, ti lé ní wákàtí 52. Kò tíì kan ọ̀rọ̀ tí ẹ máa há sórí nílé. Ọ̀sẹ̀ tó kẹ́yìn kí eré tó bẹ̀rẹ̀ yàtọ̀ pátápátá: ìgbà náà ni wọ́n máa ń da iná, ohùn, aṣọ àti ẹrù orí ìtàgé pọ̀, ó lè jẹ́ alaalẹ́, kò sì sí ẹni tó lè ṣàì wá. Bí ẹ bá ní ìgbéyàwó tàbí ìdánwò nínú ọ̀sẹ̀ yẹn, eré yẹn kì í ṣe tiyín. Ẹ dúró de èkejì.

Lórí fọ́ọ̀mù, ẹ kọ gbogbo ọjọ́ tí ààyè ò ní gbà yín, ẹ kọ ọ́ pẹ̀lú déètì àti wákàtí. «Mo máa ń dí lọ́wọ́ nígbà mìíràn» kò wúlò fún ẹnikẹ́ni. «Gbogbo ọjọ́rú, mi ò lè dé kó tó di aago méje alẹ́» wúlò. Ìran ìran ni olùdarí máa ń to ìdánrawò, ó lè fi ìran tí ẹ ò sí nínú rẹ̀ sí ọjọ́ tí ẹ ò ní wá. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá fi ọjọ́ mẹ́ta pamọ́ tí ẹ wá sọ ọ́ lẹ́yìn tí wọ́n ti to gbogbo rẹ̀, ẹ ti ba alẹ́ ènìyàn mẹ́fà jẹ́. Òótọ́ ni pé ọjọ́ tí ẹ kọ lè mú kí ipa bọ́ lọ́wọ́ yín. Èyí tí ẹ fi pamọ́ ló ń mú kí wọ́n má pè yín mọ́. Bí wọ́n bá béèrè bóyá ẹ máa gba ipa mìíràn, ẹ dáhùn bó ṣe wà lọ́kàn yín gan-an. Bí ẹ bá ní bẹ́ẹ̀ ni, tí ẹ wá kọ̀ lẹ́yìn ìpínpa, wọ́n lè ní láti tú gbogbo ìpínpa náà ká.

Ibi tó yẹ kí ẹ lo àkókò jù ni ìwé kíkà lójú ẹsẹ̀, torí òun ni ẹgbẹ́ àdúgbò fi ń yan ènìyàn jù lọ. Wọ́n máa fún yín ní ojú ìwé kan tàbí méjì, wọ́n á ní kí ẹ àti ẹnìkan jọ kà á. Ẹ dé ní ìṣẹ́jú 20 ṣáájú, ẹ gba ojú ìwé, ẹ bọ́ sí ìta, ẹ kà á sókè ní ohùn jẹ́jẹ́. Ẹ má fi ojú lásán kà á, ẹnu ló máa kọsẹ̀, kì í ṣe ojú. Ẹ wá ohun mẹ́ta: ta ni mò ń bá sọ̀rọ̀, kí ni mo fẹ́ gbà lọ́wọ́ rẹ̀, ibo ni ọ̀rọ̀ ti yí padà. Ẹ béèrè orúkọ tí ẹ ò mọ bí wọ́n ṣe ń pè é kí ẹ tó wọlé.

Nínú yàrá, ọwọ́ kan ni kí ẹ fi di ìwé mú, kó wà ní ìpele àyà, kí àtàǹpàkò wà lórí ìlà tí ẹ wà. Ẹ wo ìlà náà, ẹ gbé ọ̀rọ̀ bíi mélòó kan sọ́kàn, ẹ gbé ojú sókè, lẹ́yìn náà kí ẹ sọ ọ́. Ó kéré tán, kí ìparí gbólóhùn kọ̀ọ̀kan bá ojú ẹni tí ẹ ń bá sọ̀rọ̀ pàdé. Nígbà tó bá kan ẹnìkejì yín, òun ni kí ẹ máa wò, kì í ṣe ìlà tó kàn yín. Ẹ máa pẹ́ díẹ̀ kí ẹ tó rí ìlà yín, kò burú rárá. Olùdarí fẹ́ rí i bóyá ẹ ń gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ fún yín, ìyẹn sì ṣòro láti kọ́ ènìyàn ju ohùn ńlá lọ.

Ìwé tó bo ojú ló ń ba ìwé kíkà jẹ́ jù, torí ohùn á máa lọ sílẹ̀. Ìkánjú tẹ̀ lé e. Àwọn kan máa ń fi ohùn arúgbó tàbí ohùn ọmọdé ka ìwé tí ẹnikẹ́ni ò ní kí wọ́n fi bẹ́ẹ̀ kà. Àwọn mìíràn máa ń gbìyànjú gbogbo ìtọ́ni tó wà nínú àkámọ́, bí «ó ń sunkún», «ó ṣubú lulẹ̀», títí ọ̀rọ̀ fúnra rẹ̀ fi sọnù. Ẹ fi ìyẹn sílẹ̀. Bí ẹ bá ṣi ọ̀rọ̀ kan pè, ẹ máa bá a lọ.

Bí olùdarí bá ní, «Ẹ tún un ṣe, ṣùgbọ́n kí ẹ pa ìbínú náà mọ́ra», kò sọ pé tàkọ́kọ́ kò dára. Ó fẹ́ mọ̀ bóyá ẹ lè gba ìtọ́ni ni. Ẹ yí i padà débi tó máa hàn kedere, kódà bó bá kọjá ààlà díẹ̀. Ẹni tó tún un ṣe gẹ́lẹ́ bíi ti tẹ́lẹ̀, bó ti wù kó dùn tó, ti jẹ́ kí olùdarí mọ̀ pé ọ̀sẹ̀ méje náà máa le.

Bí wọ́n bá béèrè fún ọ̀rọ̀ àdásọ, tí wọ́n ní ìṣẹ́jú 1, ẹ múra èyí tí kò kọjá ìṣẹ́jú-àáyá 55, kí ẹ wọ̀n ọ́n pẹ̀lú fóònù lórí ìdúró, kì í ṣe nínú ọkàn. Ẹ yan ibi tí ẹ̀dá-ìtàn ti ń wá nǹkan lọ́wọ́ ẹnìkan nísinsìnyí, torí ibi tó ti ń rántí ohun tó ti kọjá máa ń rọ lójú èrò. Ẹ fi ojú inú gbé ẹni tí ẹ ń bá sọ̀rọ̀ sí òkè orí olùdarí díẹ̀. Bí ẹ bá tẹjú mọ́ olùdarí fúnra rẹ̀, kò ní lè kọ ohunkóhun sílẹ̀. Bí wọ́n bá dá yín dúró kí ẹ tó parí, àkókò ni wọ́n ń ṣọ́.

Fún eré olórin, wọ́n lè béèrè báà 16 tàbí 32. Báà ni ìpín kéékèèké tí wọ́n pín orin sí nínú ìwé orin, bíìtì sì ni ìlù tí a fi ń ka orin. Ẹ ṣírò rẹ̀ kí ẹ tó yan orin. Bí báà kọ̀ọ̀kan bá ní bíìtì 4, báà 16 jẹ́ bíìtì 64. Lórí orin jẹ́jẹ́ tó ń lọ ní bíìtì 60 ní ìṣẹ́jú kan, ìṣẹ́jú-àáyá 64 nìyẹn. Ní bíìtì 120, ìṣẹ́jú-àáyá 32 péré ni. Báà 32 orin jẹ́jẹ́ á lé ní ìṣẹ́jú méjì, wọ́n á sì ti dá yín dúró kí ibi tó dùn jù tó dé. Torí náà, ibi tó dùn jù gan-an ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Ìwé orin gbọ́dọ̀ wà ní kọ́kọ́rọ́, ìyẹn ìpele ohùn, tí ẹ fi ń kọ ọ́ gan-an. Ẹ má ní kí atẹdùùrù yí i padà lójú ẹsẹ̀. Ẹ tò ó sínú fáìlì tó ń ṣí gbalasa, ẹ má fi sínú ọ̀rá tó ń dán torí iná máa ń tàn lára rẹ̀ tí kì í jẹ́ kí wọ́n ríran. Ẹ fi pẹ́ńsù dúdú sàmì sí ìbẹ̀rẹ̀ àti òpin. Ẹ wo ìsàlẹ̀ ojú ìwé kọ̀ọ̀kan dáadáa: ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń ṣe ẹ̀dà sábà máa ń gé ìlà tí atẹdùùrù ń fi ọwọ́ òsì tẹ̀ kúrò. Láti fi bó ṣe yára tó han atẹdùùrù, ẹ kọ ìlà kan fún un ní ohùn jẹ́jẹ́. Ẹ má ta ìka fún un.

Ìpè ẹlẹ́ẹ̀kejì, ìyẹn kí wọ́n tún pe àwọn kan padà wá lẹ́yìn ọ́díṣọ̀n àkọ́kọ́, máa ń da ọ̀pọ̀ ènìyàn láàmú lásán. Bí wọn ò bá pè yín, kò túmọ̀ sí pé wọn ò fún yín ní ipa, torí àwọn ipa tí ọkàn olùdarí ò tíì balẹ̀ lé lórí nìkan ni wọ́n sábà ń pe ènìyàn fún. Bí wọ́n bá pè yín, ẹ wọ aṣọ tí ẹ wọ̀ lọ́jọ́ àkọ́kọ́, kí wọ́n lè tètè dá yín mọ̀. Ní ọjọ́ náà, wọ́n ń wo bí ènìyàn méjì ṣe bára mu: gíga, ohùn, bóyá wọ́n jọ bàbá àti ọmọ. Òṣèré tó dáńgájíá lè pàdánù ipa torí pé ó fi orí kan ga ju ẹni tí wọ́n ti yàn ṣe ọkọ rẹ̀.

Bí wọn ò bá mú yín, ẹ kọ̀wé ìdúpẹ́ oní-gbólóhùn méjì, kí ẹ sì sọ pé ẹ lè ṣiṣẹ́ lẹ́yìn aṣọ ìtàgé: iná, aṣọ, ẹrù, tàbí fífi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí òṣèré tó bá gbàgbé. Ọwọ́ kì í sábà tó níbẹ̀, ẹ ó sì rí bí olùdarí yẹn ṣe ń ṣiṣẹ́ kí ọ́díṣọ̀n tó kàn tó dé. Bí wọ́n bá mú yín, tí ẹ ò sì fẹ́ ipa tí wọ́n fún yín, alẹ́ ọjọ́ náà ni kí ẹ dá wọn lóhùn. Wọn ò lè pe ẹni tó tẹ̀ lé yín títí ẹ ó fi sọ̀rọ̀.