Kí nìdí tí àwọn àgbà fi máa ń gbin efinrin sí ẹ̀bá balùwẹ̀?

Ẹnìkan béèrè bóyá nítorí ejò tàbí ohun búburú ni wọ́n ṣe máa ń gbin efinrin sí ẹ̀yìnkùlé, lẹ́bàá balùwẹ̀, ní ìhà Ọ̀ffà, Òmù-Àrán àti àwọn abúlé Ìgbómìnà. Àwọn tó gbà bẹ́ẹ̀ kò ṣàì sí, ṣùgbọ́n ní tèmi, omi ni ìdí rẹ̀ gan-an. Lọ́dọ̀ wa, òjò kì í fẹ́rẹ̀ẹ́ rọ̀ láti oṣù kọkànlá títí di oṣù kẹta, omi ìwẹ̀ tó ń ṣàn gba ẹ̀yìn ilé ló sì máa ń gbé efinrin la ọ̀gbẹlẹ̀ já láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni pọnmi fún un. Efinrin ńlá kì í kú lọ́dọọdún bíi efinrin wẹ́wẹ́ tí àwọn òyìnbó fi ń se oúnjẹ, nítorí náà, bí ó bá ti rómi, ó lè wà nídìí ilé fún ọdún púpọ̀.

 

Ìdí kejì ni pé ilé ìdáná kì í jìnnà síbẹ̀. Ọ̀mùnú rẹ̀ ni a máa ń fi ọwọ́ já, lókè ibi tí ewé méjì ti kọjú síra, kí ẹ̀ka méjì lè yọ níbẹ̀. Bí a bá fi í sílẹ̀ tó fi tanná, ewé rẹ̀ á kéré, á sì le. A ó wá rẹ́ ẹ wẹ́wẹ́ sínú ọbẹ̀ ata ẹran ewúrẹ́ tàbí àsáró nígbà tí a bá fẹ́ sọ ìkòkò kalẹ̀, torí pé bí ó bá pẹ́ lórí iná, òórùn rẹ̀ á bá ooru lọ. Díẹ̀ ti tó: thymol, èròjà olóòórùn tó wà nínú táìmù, wà nínú efinrin ńlá tó wọ́pọ̀ lọ́dọ̀ wa pẹ̀lú, òórùn rẹ̀ sì le ju ti efinrin wẹ́wẹ́ lọ.

Ṣùgbọ́n omi ìwẹ̀ òde òní kún fún ọṣẹ olóògùn àti bílíìsì. Ẹ gbin tiyín sókè díẹ̀ sí ojú àgbàrá náà, kí ẹ sì fi omi mímọ́ ṣan ewé rẹ̀ dáadáa kí ẹ tó rẹ́ ẹ.