Báwo ni iṣẹ́ olùtọ́jú ilé-ìkàwé ará ìlú ṣe rí láyé àtijọ́ ní ìlú bí Àgbádárìgì? Ṣé ìwé yíyá nìkan ni?

Rárá, ìwé yíyá nìkan kọ́. Ìwé kọ̀ọ̀kan tó bá wọlé ni olùtọ́jú máa ń fún ní nọ́ńbà nínú ìwé àkọsílẹ̀ ńlá, tí yóò lu òǹtẹ̀ sí i, tí yóò sì tò ó sí ọ̀kan nínú ìsọ̀rí ìmọ̀ mẹ́wàá tí Melvil Dewey, olùtọ́jú ilé-ìkàwé ọmọ Amẹ́ríkà, gbé jáde ní ọdún 1876. Káàdì ni ó fi ń mọ ọwọ́ ẹni tí ìwé wà.

Ní Àgbádárìgì, tí ó wà ní etí ọ̀sà, tí kò sì jìnnà sí òkun, ìtọ́jú ìwé ló le jù lójú tèmi. Ọ̀rinrin a máa mú kí ìwé bu, ikán a sì máa jẹ ẹ́ (ẹni tó bá ti gbé etí ọ̀sà yóò mọ̀), nítorí náà olùtọ́jú ní láti máa ṣí fèrèsé kí atẹ́gùn lè wọlé, kí ó sì máa yẹ ẹ̀yìn pẹpẹ ìwé wò.

Ní ti ẹ̀kọ́ṣẹ́, ọdún 1960 ni ilé-ẹ̀kọ́ ìmọ̀ ilé-ìkàwé bẹ̀rẹ̀ ní Yunifásítì Kọ́lẹ́ẹ̀jì Ìbàdàn. Ṣáájú ìgbà náà, ẹnu iṣẹ́ ni ọ̀pọ̀ ti kọ́ ọ, àwọn díẹ̀ sì lọ kọ́ ọ ní Ìlú Ọba.