Èsì: Táǹkì fáíbà Norton Commando àti epo E10

Ẹ káàsán o, ẹ̀gbọ́n. Ẹ béèrè bóyá ó yẹ kí ẹ da ọ̀dà ìdáàbòbò sínú táǹkì epo alùpùpù Norton Commando 1970 yín, tí wọ́n fi fáíbà ṣe. Ó yẹ, ṣùgbọ́n irú ọ̀dà tí ẹ bá lò ni ọ̀rọ̀ wà.

Láti oṣù kẹsàn-án ọdún 2021 tí E10 ti di epo gbogboogbò ní Ìlú Ọba níbí, ẹ́tánọ́ọ̀lù (irú ọtí kan) inú epo lè tó ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún. Ó máa ń mú kí fáíbà rọ̀, ó máa ń fa omi mọ́ra, ó sì máa ń tú ọ̀dà àtijọ́. Èyí tí mo kọ́kọ́ lò nínú táǹkì tèmi bó bí èèpo àlùbọ́sà, ó sì lọ dí kabúrétọ̀ pa. Nítorí náà, epoxy oríṣi novolac, ìyẹn ọ̀dà líle tó máa ń dúró dáadáa nínú ẹ́tánọ́ọ̀lù, ni kí ẹ wá.

Gbígbẹ ló le jù níbẹ̀, torí pé fáíbà ti mu epo sára: ẹ tú ẹnu epo kúrò, kí ẹ ṣí táǹkì sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan níbi tí atẹ́gùn wà, tí iná kò sí nítòsí rárá. Bí ẹ bá fi ìka kan inú rẹ̀ tó ṣì ń lẹ̀ mọ́ ọwọ́, ẹ má tíì da nǹkan kan sí i. Tó bá ti gbẹ, ẹ da ọ̀dà náà sínú rẹ̀, ẹ yí táǹkì síwá sẹ́yìn títí yóò fi kárí, kí ẹ sì da èyí tó ṣẹ́kù nù.

Síbẹ̀, E5, epo tí ẹ́tánọ́ọ̀lù inú rẹ̀ kò ju ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún lọ, ni kí ẹ ṣì máa rà.