Àyè eré ìdárayá dà, nígbà tí iṣẹ́ ti gba ọjọ́ tán?

"Àǹtí, ẹ kú iṣẹ́. Ẹni ọdún 41 ni mí, báǹkì kan ní Marina, l'Ékòó, ni mo ti ń ṣiṣẹ́, Ìbàfò la sì ń gbé. Aago mẹ́rin ààbọ̀ ìdájí ni mò ń jáde, n kì í wọlé kí aago mẹ́sàn-án alẹ́ tó lù. Lóṣù tó kọjá wọ́n wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ mi, ó ti ga, ó jẹ́ 142/91. Dókítà ní kí n máa ṣe eré ìdárayá. Mo sanwó jíìmù kan ládùúgbò wa, ẹsẹ̀ mi ò fi bẹ́ẹ̀ débẹ̀. Mo ti wá pinnu láti máa jí laago mẹ́ta òru kí n máa sáré yí àdúgbò ká, ọkọ mi ní orí mi ti dàrú. Ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Ìyá Ìbejì, Ìbàfò."

Ìyá Ìbejì, ẹ kú làálàá o, ẹ sì kú ìtọ́jú ilé.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má jí laago mẹ́ta. Ẹni tó wọlé laago mẹ́sàn-án, tó jẹun, tó yẹ iṣẹ́ iléèwé àwọn ọmọ wò, kò lè fẹ̀yìn lélẹ̀ kí aago mẹ́wàá ààbọ̀ tó lù. Oorun wákàtí mẹ́rin ààbọ̀ nìyẹn, bẹ́ẹ̀ wákàtí méje, ó kéré tán, ni àgbàlagbà nílò. Àìsùn gan-an wà lára ohun tó ń ti ìfúnpá lọ sókè. Ká má tíì sọ ti òkùnkùn àti ajá àdúgbò. Lórí èyí, ẹ̀yìn ọkọ yín ni mo wà.

Ohun tí WHO, àjọ ìlera àgbáyé, ń béèrè lọ́wọ́ wa kò pọ̀ tó bí ẹ ṣe rò: 150 ìṣẹ́jú lọ́sẹ̀, ó kéré tán. Ìrìn kánmọ́kánmọ́ tó o. Ìrìn tí èèyàn lè máa sọ̀rọ̀ lórí rẹ̀ àmọ́ tí kò ní lè kọrin. Tẹ́lẹ̀, wọ́n ní èyí tí kò bá tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá lẹ́ẹ̀kan kò sí lára rẹ̀. Lọ́dún 2020, wọ́n yọ ìyẹn kúrò. Ìṣẹ́jú márùn-ún níhìn-ín, mẹ́jọ lọ́hùn-ún, gbogbo rẹ̀ ló wọ ìṣirò.

Ẹ jẹ́ ká wá tú ọjọ́ yín wò. Báǹkì kì í ṣílẹ̀kùn ní ìdájí. Sún-kẹrẹ fà-kẹrẹ Berger àti Third Mainland lẹ ń sá fún. Ọ̀pọ̀ ẹni tó ń rin ọ̀nà yín máa ń dé Erékùṣù kí ilẹ̀ tó mọ́ tán, wọn a gbórí lé tábìlì títí iṣẹ́ á fi bẹ̀rẹ̀. Ẹ sun oorun yẹn nínú bọ́ọ̀sì. Tí ẹ bá ti sọ̀ kalẹ̀ ní ibùdókọ̀ CMS, tí ojú ti mọ́ díẹ̀ tí èèyàn sì ti ń rìn, ẹ má wọ ọkọ̀ mìíràn. Ẹ ti wọ kánfáàsì láti ilé, bàtà ọ́fíìsì ń bẹ nínú dúrọ́ọ̀ yín. Ẹ fi fóònù sísàlẹ̀ báàgì, ẹ rìn kọjá ẹnu ọ̀nà báǹkì yín, kí ẹ tó ṣẹ́rí padà. Ogún ìṣẹ́jú ti pé, oòrùn ò tíì mú. Táwẹ̀lì kékeré àti búláàsì kan nínú báàgì á yanjú ọ̀rọ̀ òógùn. Ọjọ́ márùn-ún, 100 ìṣẹ́jú nìyẹn. Àtẹ̀gùn tí ẹ fi rọ́pò lift àti ìrìn ìrọ̀lẹ́ Sunday á kó èyí tó kù. Ní ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́, ọjọ́ mẹ́ta péré ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀.

Iṣan ara náà ń fẹ́ iṣẹ́, ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀. Bí ẹ̀wà ṣe wà lórí iná, ẹ fa àga kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ẹ jókòó, ẹ dìde láìfọwọ́ti nǹkan kan, nígbà mẹ́wàá. Ẹ sinmi, ẹ tún un ṣe. Lẹ́yìn náà, ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì ti ògiri, ẹ sún ẹsẹ̀ sẹ́yìn, ẹ máa gbé àyà lọ bá ògiri, kí ẹ sì máa ti ara yín padà. Ẹ̀wà ò ní tíì jinná.

Ẹ ò sọ ohun tí Bàbá Ìbejì ń ṣe ní Sátidé, ìyẹn sì ń dùn mí. Ẹni tó rí i pé ìyàwó òun fẹ́ máa sáré lóru ní láti béèrè ohun tó gba ọ̀sán rẹ̀. Tí ẹ̀yin nìkan bá ń lọ sọ́jà, tí ẹ̀ ń fọṣọ, tí ẹ̀ ń se ọbẹ̀ ọ̀sẹ̀, kò sí ìmọ̀ràn tí mo lè fún yín tó máa dúró. Ẹ fi ìwé dókítà hàn án. Kí ó gba ọjà tàbí aṣọ fífọ̀ lọ́wọ́ yín láàárọ̀ Sátidé, kí ẹ lọ lo owó jíìmù tí ẹ ti san. Tí àwọn ìbejì bá ti tó fọ abọ́, kí wọ́n fọ abọ́.

Ọ̀rọ̀ ìfúnpá: ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo kọ́ ni wọ́n ń wọ̀n ọ́n. Ẹ padà lọ, kí wọ́n tún un wọ̀n, kí ẹ sì sọ ìrìn tí ẹ fẹ́ bẹ̀rẹ̀ fún wọn. Tí wọ́n bá fún yín lóògùn, ẹ má tìtorí pé ẹ̀ ń rìn pa á tì. Àyà dídùn, èémí tó ń gé tàbí òòyì lójú ọ̀nà, ẹ dúró, ilé ìwòsàn ló kàn.

Tí wọ́n bá ti tún un wọ̀n, ẹ kọ iye tó jẹ́ ránṣẹ́ sí mi, kí ẹ sì sọ ohun tí Bàbá Ìbejì wí nípa Sátidé.