Bí ẹ ṣe lè rí Ìkùukùu Magellan láti Èkó

Ẹ̀gbọ́n tó béèrè láti Súrùlérè bóyá ìṣùpọ̀ ìràwọ̀ kéékèèké tó múlé ti tiwa ṣeé rí l'Ékòó: wọ́n ṣeé rí, àmọ́ kì í ṣe láti Súrùlérè. Ìkùukùu Magellan ni wọ́n ń pè wọ́n, méjèèjì sì wà nísàlẹ̀ gúúsù pátápátá. Bí èyí tó tóbi bá tilẹ̀ ga débi tó lè ga dé, kì í ju dígírì 14 lọ sókè ojú òkun. Èyí tó kéré kì í kọjá 11. Ẹ na apá síwájú, kí ẹ di ìkúùkù: ìkúùkù kan ni dígírì 10. Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì aládùúgbò kan ti tó láti dí wọn.

Ẹ lọ sí etíkun tó kọjú sí gúúsù, bíi apá Elegushi. Iná ìlú á wà lẹ́yìn yín, òkun tí kò nílé á wà níwájú. Ẹ má dá lọ o.

Ìgbà tí ẹ máa lọ ṣe pàtàkì ju ẹ̀rọ lọ. Ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kọkànlá ni mo fara mọ́, lálẹ́ tí kò sí òṣùpá, lẹ́yìn tí òjò àrọ̀kúrò bá ti fọ eruku kúrò lójú ọ̀run. Nígbà náà, èyí tó kéré máa ń ga jù ní nǹkan bí aago mọ́kànlá alẹ́, èyí tó tóbi ní bí aago mẹ́ta òru. Oṣù Kìíní máa ń wu èèyàn, torí èyí tó tóbi á ti ga tán ní bí aago mọ́kànlá alẹ́, ṣùgbọ́n ọyẹ́ ló ń bà á jẹ́. Ní dígírì 14, afẹ́fẹ́ tí ìmọ́lẹ̀ ń là kọjá tó ìlọ́po mẹ́rin èyí tó wà lókè orí wa gan-an. Eruku tí ẹ ò kà sí lókè ti di ògiri níbẹ̀. Bí Canopus, ìràwọ̀ tó mọ́lẹ̀ ṣìkejì lálẹ́, bá ṣe bàìbàì, ẹ máa lọ sílé.

Láti Canopus, ẹ sọ̀ kalẹ̀ bí ìkúùkù méjì, ẹ yà sọ́tùn-ún díẹ̀: ibẹ̀ lèyí tó tóbi wà. Láti Achernar, ìràwọ̀ mìíràn tó mọ́lẹ̀, ìkúùkù kan àbọ̀ sísàlẹ̀, sọ́tùn-ún díẹ̀, fún èyí tó kéré. Ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé ojú lásán. Bainókúlà 7x50 tàbí 10x50 ni kí ẹ mú, kí ẹ má sì wo fóònù fún ogún ìṣẹ́jú. Bí èéfín tí kò tíì tú ká ló máa rí.

Ẹ ṣọ́ra fún 47 Tucanae, àgbájọ ìràwọ̀ púpọ̀ tó sún mọ́ra. Ó wà lọ́tùn-ún èyí tó kéré, ó jọ ìràwọ̀ tó fẹ̀, òun lẹ ó sì kọ́kọ́ rí. Inú ìṣùpọ̀ tiwa ló wà, ní nǹkan bí ọdún ìmọ́lẹ̀ 15,000 (ọdún ìmọ́lẹ̀ kan ni ibi tí ìmọ́lẹ̀ ń rìn dé lọ́dún kan). Ìkùukùu tó wà lẹ́yìn rẹ̀ jìnnà tó 200,000. Nínú èyí tó tóbi, ẹ wá àmì kékeré tó mọ́lẹ̀ lápá òsì: Tarantula ni, níbi tí ìràwọ̀ tuntun ti ń bẹ́ yọ. Nítòsí ibẹ̀ ni ìràwọ̀ kan ti bú gbàmù, tí ojú lásán sì rí i lóṣù Kejì 1987, lẹ́yìn tí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ti rìn fún nǹkan bí 160,000 ọdún.

Kámẹ́rà ló dájú jù: lẹ́ǹsì 24mm ní f/2, ISO 1600, ìṣẹ́jú àáyá 15, àwòrán 60, kí ẹ kó wọn pọ̀ nínú DeepSkyStacker, ètò kọ̀ǹpútà tó ń pa àwòrán pọ̀ di ọ̀kan. Apá ọ̀run yẹn ò jìnnà sí òpó gúúsù, ojúkò tí ọ̀run ń yí ká, ìràwọ̀ ibẹ̀ ń rọra rìn, kò ní fà. Bí ìrì òkun bá bo lẹ́ǹsì, ẹ má fi aṣọ gbígbẹ nù ún, iyọ̀ á ha á. Ẹ fẹ́ atẹ́gùn sí i ná, kí ẹ tó fi aṣọ tó rọ̀ tí omi mímọ́ ti rin nù ún.